Ilé Ni Tóbi Ti Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí jù ní Ẹ̀pẹ́, pàápàá lẹ́yìn ìdíje íńtà-háósì, kò ju ọ̀kan lọ: "Kóòṣì, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ mi yìí lè gbé e dé Amẹ́ríkà?" Wọn kì í béèrè bóyá ọmọ náà á sáré fún Nàìjíríà. Fásitì òkè òkun ni wọ́n ń wò, níbi tí wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tó bá mọ eré í sá kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí ní fásitì lónìí, tó tún mọ iye ẹja tí ènìyàn ní láti tà ní ọjà Olúwo kí owó yẹn tó pé, kò ní bá wọn wí.

Ìdáhùn mi ni pé ẹsẹ̀ lè gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò mú un pẹ́ nínú ilé. Ohun tí ọmọ fi ń gba ẹgbẹ́ ní fásitì Amẹ́ríkà, ilé ló ti ní láti gbé e lọ: ìwé, ìwà, àti ìpìlẹ̀ eré tí kóòṣì kan ti fi sí i lára. Bí wọ́n bá ní kí n mú àpẹẹrẹ wá, n kì í wá a lọ jìnnà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń nawọ́ sí, ìlú tí ọkọ̀ ń ná láti Ẹ̀pẹ́ níbí láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Olúwatóbilọ́ba Amúsàn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1997.

Eré họ́dù ni Tóbi ń sá, eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ń fo igi mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lè rò pé ẹni tó bá ti lè sáré, tó sì lè fò, ti parí iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Igi tàwọn obìnrin ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mítà 13 ni láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdí igi àkọ́kọ́, mítà 8.5 ni láti igi kan dé èkejì, mítà 10.5 ló sì kù lẹ́yìn igi ìkẹyìn. Láàárín igi méjì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni eléré tó dáńtọ́ ń gbé. Bó bá gbé mẹ́rin, ẹsẹ̀ tí kò mọ́ ọn lára ni yóò fi fo igi tó kàn. Bó bá gbé márùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Lórí pápá tiwa, káfíńtà ló bá wa kan igi tí a ń lò: òpó méjì, pákó kan lókè tí a kò kàn mọ́ wọn, kí ó lè já bọ́ bí ọmọ bá fi orúnkún kọ ọ́. Okùn tí mo ta kókó sí ní mítà 8.5 ni mo fi ń wọn àyè. Fún ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fa àwọn igi náà súnmọ́ra, màá sì rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ dé orúnkún, kí ìṣísẹ̀ mẹ́ta náà lè wọ̀ ọ́ lára kí ẹ̀rù igi tó dé. Mo máa ń ní kí ó kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, fò. Nígbà tó bá yá, ẹnu á dákẹ́, ẹsẹ̀ á máa kà á fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ti bí ẹsẹ̀ iwájú ṣe gbọ́dọ̀ yára padà wálẹ̀, kí ti ẹ̀yìn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá bí ìgbà tí ènìyàn ń ré ògiri kúkúrú kọjá. Ẹni tó bá ń fò sókè jù, àkókò ló ń fi ṣòfò. Eré sísá ni họ́dù. Fífò tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí igi béèrè lọ.

Gbogbo èyí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè kọ́ ọ lórí ilẹ̀ pupa. Ohun tí ilẹ̀ pupa kò lè fún un ni ìdíje: kí ó bá ẹni tó yára jù ú lọ sá léraléra, kí ó fìdí rẹmi, kí ó tún dìde. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn wò nínú ìrìn àjò Tóbi ni iye ìdíje tí ó ti lọ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Amẹ́ríkà. Ó gba fàdákà nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní Warri ní 2013. Ní 2015, ó gba wúrà họ́dù ti àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní Addis Ababa. Ọdún yẹn náà ni ó lọ sí Brazzaville fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà, ó bá àwọn àgbà sá, ó sì gba wúrà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Kò tíì sáré fún fásitì Amẹ́ríkà kankan nígbà yẹn.

Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò fẹ́ eré sísá rárá, ìwé ni ó fẹ́ kí òun kọjú mọ́. Ìyá ló ń bò ó. Bí ìdíje bá wà, ìyá á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ọmọ lọ. Ọjọ́ tí àṣírí tú, bàbá kó aṣọ eré rẹ̀, ó dáná sun ún. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé bàbá yìí ni ọ̀tá. Èmi tí mo ti bá òbí oríṣiríṣi jà lórí ọmọ eléré, ojú mìíràn ni mo fi ń wò ó. Bí ìyá nìkan ló bá wà, tí kò sí ẹni tó ń lé e padà sídìí ìwé, èsì wo ni yóò mú lọ bá fásitì? Bí bàbá nìkan ló bá sì wà, ta ni yóò mọ̀ pé ó lè sáré? Láìmọ̀ fún ara wọn, àwọn méjèèjì ló pèsè rẹ̀. Ìwé wà lápá kan, pápá wà lápá kejì, ọmọ sì rí ọ̀nà gbà láàárín wọn.

Fásitì Texas tó wà ní El Paso, tí wọ́n ń pè ní UTEP, ni ó lọ ní 2016. Aṣálẹ̀ ni àyíká ibẹ̀, ààlà Mẹ́síkò kò sì jìnnà síbẹ̀. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ọmọ Ìjẹ̀bú dé irú ibẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti la ọ̀nà náà ṣáájú. Ọlápàdé Adéníkẹ̀ẹ́n, tí wọ́n bí ní Òṣogbo, UTEP ló sáré fún. Ní 1992, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje gbogbo fásitì Amẹ́ríkà, ti NCAA, nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà àti igba mítà. Ọdún yẹn kan náà ni òun pẹ̀lú Oluyemi Kayode, Chidi Imoh àti Davidson Ezinwa gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré gbé-e-fún-mi ní Òlíḿpíìkì Barcelona. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Blessing Okagbare dé UTEP, tí ó gba ìdíje NCAA nínú ọgọ́rùn-ún mítà àti ìfò jíjìn ní 2010. Kóòṣì Amẹ́ríkà tó ti rí irú àwọn wọ̀nyí, bí ó bá gbọ́ orúkọ Nàìjíríà, yóò gbé fóònù. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi pé ẹni tó bá gbé ayédèrú èsì ìdánwò tàbí ọjọ́ orí irọ́ lọ síbẹ̀, ilẹ̀kùn àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń tì.

Kí wá ni UTEP fún Tóbi? Ó fún un ní kóòṣì tó ti fo igi náà rí, Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà tó ti sá họ́dù dé Òlíḿpíìkì. Ó fún un ní ilé ìdárayá, oníwòsàn iṣan, àti oúnjẹ tó ń lọ déédéé. Ní ìgbà òtútù, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń sá ọgọ́ta mítà. Bí ilẹ̀ bá gbóná, wọ́n á jáde sí gbangba, ìdíje á sì máa tẹ̀lé ara wọn títí di oṣù Kẹfà tí ti NCAA ń wáyé. Wọ́n sì ń ka máàkì rẹ̀ ní kíláàsì: ẹni tí kò bá yege nínú iye kọ́ọ̀sì tí òfin là sílẹ̀ kò ní wọ bàtà eré, bí ó ti wù kí ó yára tó. Ní oṣù Kẹfà 2017, ní pápá Hayward Field ní ìlú Eugene, ó gba họ́dù NCAA pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 12.57. Ní Brazzaville, ọdún méjì ṣáájú, ó lé ní 13. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn. Bí eléré méjì bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju ara wọn lọ nínú họ́dù, nǹkan bí mítà mẹ́rin ló wà láàárín wọn ní ìlà òpin.

Ìgbà tó kúrò ní ìdíje fásitì ni àwọn ènìyàn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, ìgbà náà gan-an ló sì rí ìdààmú. Ipò kẹrin ló ṣe ní ìdíje àgbáyé ní Doha ní 2019. Ipò kẹrin kan náà ló tún ṣe ní Òlíḿpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021. Ẹni tó bá ṣe ipò kẹrin lẹ́ẹ̀mejì mọ bí ó ṣe ń rí: wọn ò ní pè é sórí pèpéle, wọn ò sì ní gbàgbé rẹ̀ kí ó lè sinmi. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Tokyo, ní Zurich, ó sá 12.42, ó sì borí àkókò tó dára jù ní Áfíríkà, 12.44, tí Glory Alozie ti fi lélẹ̀ láti 1998. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, ó tún padà sí Eugene fún ìdíje àgbáyé, ní Hayward Field tí wọ́n ti wó tí wọ́n sì ti tún kọ́. Nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, ó sá 12.12. Keni Harrison ará Amẹ́ríkà ló ni èyí tó yára jù láyé títí di ìgbà yẹn, 12.20. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ó gba wúrà pẹ̀lú 12.06, àmọ́ atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òfin kò sì gbà ju 2.0 lọ. Nítorí náà, 12.12 ni ó dúró nínú ìwé. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ olúborí àgbáyé nínú eré sísá ṣáájú rẹ̀.

Ibi tí àwọn onísọ̀rọ̀ máa ń parí ìtàn sí nìyẹn, àmọ́ èmi kì í parí ẹ̀ síbẹ̀ bí mo bá ń bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ní 2023, àjọ tó ń mójú tó ìwà eléré fẹ̀sùn kàn án pé ó pàdánù àyẹ̀wò oògùn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjìlá. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára rẹ̀. Eléré tó bá ti dé irú ipò yẹn gbọ́dọ̀ máa kọ ibi tí wọ́n ti lè bá a fún wákàtí kan lójoojúmọ́; bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá a, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ dá a láre ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé sì fọwọ́ sí ìdáláre yẹn ní 2024. Síbẹ̀, ipò kẹfà ló ṣe ní ìdíje àgbáyé ní Budapest ní 2023, kò sì kọjá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024. Ní Tokyo ní 2025, ó padà wá gba fàdákà àgbáyé pẹ̀lú 12.29. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ gbọ́ nínú èyí ni pé ìwé kíkọ kò tán lọ́jọ́ tí ènìyàn jáde fásitì. Ẹni tó yára jù láyé gan-an ní fọ́ọ̀mù tí ó ń kọ lójoojúmọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọmọ tí kò gba ife-ẹ̀yẹ ní fásitì ti ṣòfò, kí ó wo Hakeem Ọlájùwọ́n. Ọmọ Èkó ni, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló ń gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Ó dé Fásitì Houston ní 1980, wọ́n sì fi í jókòó fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọ pápá. Lọ́dún mẹ́ta tó fi gbá a, ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje NCAA lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì gba ife náà rí. Ní 1983, àwọn North Carolina State na wọ́n ní 54 sí 52 nígbà tí aago ti fẹ́ dún. Ní 1984, Georgetown ti Patrick Ewing ló tún nà wọ́n. Síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan eléré ní ọdún yẹn, ṣáájú Michael Jordan tó ṣe ìkẹta. Ó gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Fálílátù Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, náà sáré fún Fásitì Ìpínlẹ̀ Mississippi. Ní Òlíḿpíìkì Atlanta ní 1996, ó sá irinwó mítà ní 49.10, ó gba idẹ.

Ó kù kí n sọ ohun tí àwọn tó ń polówó òkè òkun kì í sọ fún òbí. Òfin 1972 tí wọ́n ń pè ní Title IX ló jẹ́ kí fásitì Amẹ́ríkà máa wá ọmọbìnrin eléré bí wọ́n ṣe ń wá ọkùnrin. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe omi ọ̀sà tí ẹnikẹ́ni lè bù bó ṣe wù ú. Títí di 2025, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí fásitì kan lè pín fún gbogbo ẹgbẹ́ eré sísá ọkùnrin kò ju 12.6 lọ, ti obìnrin sì jẹ́ 18. Bíbù ni wọ́n ń bù ú: ẹlòmíràn gba gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn gba ìdá mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọdọọdún ni wọ́n ń tún àdéhùn náà ṣe. Iṣan tó fà lè yí i padà, kóòṣì tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ náà lè yí i padà.

Kí ọmọ tó fẹsẹ̀ tẹ pápá, NCAA yóò yẹ èsì wáẹ́ẹ̀kì rẹ̀ wò: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì. Bí ọmọ bá sì jókòó sílé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdírì, àǹfààní rẹ̀ á máa dín kù. Ọmọbìnrin kan wà tí mo kọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá mi lójú. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí kóòṣì kan ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin náà kò béèrè àkókò rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni èsì Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. F9 ló wà níbẹ̀. Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó yege, àmọ́ kóòṣì yẹn ti fi àyè rẹ̀ mú ẹlòmíràn. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ọmọ náà lónìí, ó sì ń ṣe dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló dá a dúró, kì í ṣe igi họ́dù.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gba owó pẹ̀lú. Kóòṣì fásitì tó fẹ́ ọmọ yín kò ní ní kí ẹ san owó kí ó tó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà fún "fọ́ọ̀mù", ẹ bi í ní orúkọ fásitì náà àti ti kóòṣì, kí ẹ wá wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ̀wé sí wọn fúnra yín. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dúró dé ìbéèrè kejì.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ìkòròdú, ẹ má fagi lé íńtà-háósì nítorí pé owó kò tó, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi pápá kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Igi mẹ́wàá tí káfíńtà kàn tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ tó yára, ẹ má dáná sun aṣọ rẹ̀, ẹ má sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó ṣe wáẹ́ẹ̀kì nígbà tó yẹ, kí ó yege nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, kí ẹ sì fi ìwé ìbí rẹ̀ tòótọ́ pamọ́ síbi tí ẹ ti lè rí i. Bí Amẹ́ríkà bá pè é, ó ti ṣe tán. Bí wọn kò bá pè é, ó ṣì lè wọ fásitì níbí.